Ewé Tó Hù Sínú Àpótí Ẹja Bàbá Rẹ

La Darmin, ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára jù? Afẹ́fẹ́ ìlú Kendari ńkọ́, ṣé kì í ṣe pé ó ń wọ̀ ọ́ láyà? Ọlọ́run tó pààlà fún òkun tí kò fi gun orí òpó ilé wa wá bá wa lórí ẹní, òun náà ni yóò pààlà fún ibi nínú ayé rẹ. Oúnjẹ ò ní kojú ẹnu rẹ kó wá yẹ̀. Àmín.

Gbogbo wa wà dáadáa nílé. La Sarumi àbúrò bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní ṣé o ti rántí bàtà òjò òun. Pákí ṣe dáadáa lọ́dún yìí, kasuami tí mo fi pákí náà sè láàárọ̀ funfun bí òwú, mo jẹ ẹ́ títí mo fi ní kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ Wa Mponda, aládùúgbò wa, já bọ́ sínú omi láti orí afárá pákó, ó sì lúwẹ̀ẹ́ jáde fúnra rẹ̀, láti ọjọ́ náà ló ti ń wo gbogbo wa bí ẹni pé a ò mọ nǹkan kan.

Lẹ́tà ni mo kọ torí fóònù yẹn ti sú mi. Ó kọ ọ́ sójú pé òun ti kún. Mo ní bóyá àròyé mi ló pọ̀ jù, ni mo bá ṣíwọ́, mi ò sọ nǹkan kan sínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ lè fà, síbẹ̀ ó ṣì kún. Àwòrán àpótí ẹja onídígí tí o ní kí n yà ránṣẹ́, tí o ní ihò imú mi lo rí, ẹ̀bi mi kọ́. Èmi kọjú fóònù sí omi, fóònù ló kọjú sí mi.

Ọ̀rọ̀ àpótí náà gan-an ni mo fẹ́ sọ. O rántí pé nígbà tí o gbé e wá lẹ́yìn tí ẹ̀gbà gba apá ọ̀tún bàbá rẹ, Wa Mponda rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Ó ní gbogbo wa la ń gbé orí òkun, tí ẹja ń rìn lábẹ́ ẹní wa lọ́fẹ̀ẹ́, La Darmin nìkan ló fowó ra ẹja wá sí pálọ̀. Ó ní nílé àwọn èèyàn, èèyàn ló ń jẹ ẹja, nílé tiwa ẹja ló ń jẹ èèyàn. Mo ti rí ohun tí òun ò rí. Bàbá rẹ tí kò fẹ́ wo ojú fèrèsé mọ́ láti ìgbà tí ọwọ́ wọn ò ti lè di àjẹ̀ mú, àwọn fúnra wọn ló ní kí n yí àga àwọn sí dígí náà. Wọn á máa wo àwọn ẹja pupa onílà funfun yẹn láti òwúrọ̀, nígbà mìíràn ọwọ́ òsì wọn á máa tẹ̀ lé àwọn ẹja náà lórí apá àga, bí ẹni ń tukọ̀.

Èmi wá ní n ó tọ́jú àlejò bó ti yẹ. O ní kí iná orí àpótí máa tàn, mo jẹ́ kó máa tàn tọ̀sán-tòru, torí kò dáa kéèyàn fi àlejò sínú òkùnkùn. O ní oúnjẹ ìwọ̀n ṣín-ún ni kí n máa fún wọn, mo ní àpọ́n ni ọ́, o ò mọ ìwọ̀n oúnjẹ. Ẹ̀kúnwọ́ ni mò ń dà sí i, mo tún ń rún kasuami lé e lórí, lọ́jọ́ Jímọ̀ mo bu omi ọbẹ̀ díẹ̀ kún un, kó tó yé mi pé ọbẹ̀ ẹja ni, ìbátan wọn lè wà nínú rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì. Nígbà tí omi bá sì fà, mo máa ń fi korobá fa òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàsọ̀ ilé wa.

Nígbà tí àwọ̀ ewé kọ́kọ́ yọ lára òkúta inú rẹ̀, inú mi dùn. Mo pe Wa Mponda pé kó wá wò ó, àpótí wa ti hu ewé, ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá. Kò pẹ́, ewé náà gùn bí irun, nǹkan kan tó ń yọ̀ bí omi ilá bo iyanrìn, dígí fúnra rẹ̀ wá ṣú dùdù bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. A ò rí ẹja mọ́. Bàbá rẹ wò ó, wọ́n ní kí n yí àga àwọn padà sí ògiri. Ìdajì oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ láti ọjọ́ náà. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí.

Mo lọ sí ìparí afárá níbi tí fóònù ti máa ń gbọ́ràn, mo pè ọ́. O ní kí n dín iná kù, kí n dín oúnjẹ kù, kí n máa fi omi tó mọ́ pààrọ̀ omi rẹ̀. O tún ní oògùn kan wà tí wọ́n fi ń yẹ omi wò. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì, ó ní kí ló ń ṣe mí, mo ní omi ni. Ó fún mi ní oògùn ìtọ̀. Mo ti lò ó tán, ó ṣiṣẹ́ lára mi, kò ṣe nǹkan kan fún àpótí.

Káàdì báǹkì tí o fi ránṣẹ́, tí o ní bí mo bá ti tì í bọnú yóò bá mi fa ohun tí mo ń wá jáde, òótọ́ lo sọ. Mo tì í bọnú àpótí, ó fa ewé jáde. Mo fi ha dígí láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò fi àpá kankan sí i. Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí mo mú un lọ síbi ẹ̀rọ owó ní ìgboro, ẹ̀rọ náà gbé e mì. Mo dúró tì í títí, mo rò pé ó ń bá mi fọ̀ ọ́ ni.

Mo fi bírọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ àwọn òkúta. Mò ń pa iná lálẹ́. Mo lọ ṣa ìṣáwùrú àti akàn kéékèèké tó ń gbénú ìkarahun létíkun, mo kó wọn síbẹ̀, wọ́n ń jẹ ewé náà bí ewúrẹ́. Síbẹ̀, bí mo bá ha á lónìí, yóò tún yọ.

Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń fa omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàsọ̀, níbi tí Wa Mponda ń da omi ìfọṣọ rẹ̀ sí. Bàbá rẹ rí mi. Wọ́n fọwọ́ lu àga, wọ́n ní rárá. La Darmin, o mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe nira fún wọn láti ìgbà àìsàn yẹn, rárá yẹn já gaara. Wọ́n ní omi ìdọ̀tí ni. Wọ́n nawọ́ sí ẹ̀yìn àpáta inú òkun, níbi tí omi ti jìn. Mo ní n ó rán La Sarumi. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni. Ni wọ́n bá ń dìde.

La Sarumi ní ẹ̀gbọ́n, bí ìgbì bá dé, ta ni yóò dì yín mú? Bàbá rẹ wò ó, wọ́n ní ta ló kọ́ ọ lókun? Ló bá lọ fa ọkọ̀ rẹ̀ wá. A gbé wọn sáàárín ọkọ̀, a to kẹ́ẹ̀gì yí wọn ká. Mo dúró lórí afárá títí ọkọ̀ fi kéré, mi ò dáná, mi ò jókòó.

La Sarumi ní bí àwọn ṣe kọjá àpáta lòun fẹ́ dúró, bàbá rẹ mi orí. Ó tún fẹ́ dúró níwájú, wọ́n tún mi orí, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń tọ́ka, títí omi fi dúdú bí aró. Wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n tu ú dànù, wọ́n ní eléyìí. Nígbà tí wọ́n dé, aṣọ wọn tutù rin, oòrùn ti bó imú wọn, wọ́n béèrè oúnjẹ, wọ́n sì bá mi wí pé iyọ̀ ọbẹ̀ kò tó. Mi ò bínú. Mo lọ sẹ́yìn ààrò, mo sunkún díẹ̀.

Omi tí wọ́n pọn yẹn ni mo wá ń fi pààrọ̀ ti inú àpótí, díẹ̀díẹ̀ ló sì fi mọ́. Ewé ti tán lára dígí, ó kù díẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kan, mo fi í sílẹ̀ kí àwọn ìṣáwùrú lè rí nǹkan jẹ. Àga bàbá rẹ ti kọjú sí ẹja padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jókòó sórí rẹ̀ mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi nìyí. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún epo ọkọ̀ La Sarumi, kí o sì gba káàdì mìíràn fún mi, sọ fún àwọn báǹkì pé kí wọ́n jẹ́ kí etí rẹ̀ nípọn díẹ̀. Èkejì, o sọ fún mi pé ó tó kéèyàn máa pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Jọ̀ọ́, má sọ ọ́ fún bàbá rẹ. Gbogbo òwúrọ̀ tí òkun bá ti rọ̀ ni wọ́n ń lọ pọnmi. Wọ́n ti ń fi ọwọ́ òsì tukọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n so ẹja ọbẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́ẹ̀gì bọ̀ wálé. Omi náà ti pọ̀ ju ohun tí àpótí lè gbà lọ, bí wọ́n bá sùn lọ́sàn-án ni mo máa ń rọra dà á padà sínú òkun.

Ọ̀nà tí o bá tọ̀, yóò là fún ọ. Ọwọ́ rẹ ò ní kọ iṣẹ́, iṣẹ́ ò ní kọ ọwọ́ rẹ. Aya rere yóò bá ọ nílé, kì í ṣe èyí tí yóò máa ka ìwọ̀n oúnjẹ fún ọ. Jẹ́ kí n dúró níbí, bàbá rẹ ti ń pe La Sarumi, wọ́n ní kí n gbé kẹ́ẹ̀gì wá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Wa Ndeki