Táímà Tó Fẹ́ Lé Mi Kúrò ní Àgùdà

Ọjọ́ Ajé, 2 Júùnù
Kínyọ̀ ọmọ mi mú oníṣẹ́ iná wá sílé rẹ̀ tí mò ń gbé ní Àgùdà níbí. Wọ́n so táímà mọ́ hítà omi bálùwẹ̀ — kẹ̀kẹ́ kékeré kan, nọ́ńbà yí i ká. Aago márùn-ún sí mẹ́fà àárọ̀ nìkan ni omi yóò máa gbóná, kí hítà má baà wà lórí iná títí yóò fi bẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi. Ṣùgbọ́n èmi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án o.” Jennifer ìyàwó rẹ̀ ló gbàgbé hítà sórí iná lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò wo Jennifer.
Mo ti sọ kẹ̀kẹ́ náà ní Ọ̀gá Ògiri.

Ọjọ́bọ̀, 5 Júùnù
Omi tútù ni mo fi wẹ̀. Ìgbà tí oòrùn ti mú ni hítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Kínyọ̀ ní mo ti yí Ọ̀gá Ògiri. Mo ní n kò fọwọ́ kàn án. “Bóyá ẹ ti gbàgbé ni, Màmá.” Ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ì bá sàn kó pariwo.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Júùnù
Omi jó Àánú, ọmọ ọmọ mi, lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó jẹun ọ̀sán tán, ó lọ fọwọ́ ní bálùwẹ̀, omi tó ń rú èéfín ló jáde. Ọwọ́ pọ́n, kò bó — Ọlọ́run ṣeun. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi ni gbogbo wọn kọjú sí. Jennifer ní, “Mummy, ọmọ ọmọ yín ni o.” Bíi pé n kò mọ̀. Ẹ̀yìn mi ló sùn títí ó fi mọ ìrìn.
Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé, 9 Júùnù
Kínyọ̀ ò ti ilẹ̀kùn dáadáa. Mo gbọ́ ọ lórí fóònù, ó ń bá Fẹ́yìsayọ̀, àbúrò mi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, sọ̀rọ̀. Ó ní mo ti ń ṣarán. Pé kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ Fẹ́yìsayọ̀, kí n má baà dáná sun ilé.
Ṣarán. Èmi tí mo ti darúgbó kí n tó mọ ABD, tí tíṣà mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ń pè síwájú kí n kàwé fún àwọn yòókù. Ẹyin lohùn — ó ti fọ́.

Ọjọ́rú, 11 Júùnù
N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Júùnù
Wọ́n mú iná lọ. Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà bálùwẹ̀, mo tẹjú mọ́ Ọ̀gá Ògiri. Ó dúró gbagidi. Aago pálọ̀ ń lọ ní tirẹ̀, bátìrì ló ń lò. Nígbà tí iná dé, ibi tó sùn sí ló ti bẹ̀rẹ̀. Àṣé gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ló ń sùn, tó bá sì jí, kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Aago márùn-ún tirẹ̀ ti di ọ̀sán tiwa.
Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé gun igi kò rí i.
Mo sọ fún Jennifer. “Mummy, ẹ lọ sinmi.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Júùnù
Mo ní kí Kínyọ̀ pa iná gbogbo ilé, kó wò ó fúnra rẹ̀. Ó wò ó títí. Ó dọ̀bálẹ̀ ní kọ́rídọ̀. Yóò ra èyí tó ní bátìrì nínú. Títí dìgbà náà, èmi ni n ó máa tan hítà, èmi ni n ó máa pa á. “Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ ò lọ síbì kankan mọ́.”
Mo ní kì í ṣe kọ́rídọ̀ lo ti sọ mí di aṣarán. Pe Fẹ́yìsayọ̀. Jẹ́ kí fóònù ké síta, kí ìyàwó rẹ gbọ́.
Ó sọ gbogbo rẹ̀. “Táímà ló ń ṣarán, Àǹtí.” Fẹ́yìsayọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní òun kúkú sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá béèrè:
“Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ò wá bọ̀ mọ́ nìyẹn?”
Ó ti kun yàrá dè mí. Ó ti sá ibùsùn sóòrùn. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló wà nínú ilé yẹn.
Gbogbo wọn ń wò mí. Ìbínú mi ṣì wà, n kò rí ẹni tí n ó gbé e lé lórí. Mo gba fóònù lọ́wọ́ Kínyọ̀.
“Fẹ́yì, kí lo sè lónìí?”