Bàbá Fúnmi àti Kúlà Iná Kérésì

Bàbá mi tòótọ́,

Ọyẹ́ ti mú dé Abuja. Ètè mi ti bẹ́, òrí ni mo fi ń pa á bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ó yẹ kí n ti kọ̀wé sí yín láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ló ń tì mí.

Mo ṣe iná Kérésì kan fún ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Wuye. Mo ra pátákó ẹ̀rọ kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Àṣẹ tí mo bá kọ sí i láti orí kọ̀ǹpútà ló ń pa fún iná: kí pupa tàn, kí aláwọ̀ ewé tẹ̀ lé e, kí gbogbo wọn máa sáré lọ sáré bọ̀. Oṣù méjì ni mo fi ṣe é tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kó ya ìjọ lẹ́nu.

Mo kó pátákó náà, bátìrì àti wáyà rẹ̀ sínú kúlà oúnjẹ wa àtijọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsìn orin Kérésì, Bàbá Fúnmi ọ̀rẹ́ yín ló wà ní géètì, níbi tí ẹ̀yin méjèèjì ti jọ máa ń yẹ báàgì wò nítorí ẹ̀rù bọ́ǹbù, kí ẹ tó kúrò ní Abuja. Wọ́n tú báàgì ìyá àgbà tó wà níwájú mi dé ìdí. Nígbà tó kàn mí, wọ́n kàn fọwọ́ kan kúlà náà ni.

"Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, máa wọlé."

Inú mi tiẹ̀ dùn.

Mo gbé kúlà náà sábẹ́ òdòdó níta, lẹ́bàá fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, torí kò dùn ún wò. Mo ta iná mọ́ ògiri, mo tàn án, mo wọlé lọ jókòó. Orin kejì la ń kọ nígbà tí obìnrin kan pariwo bọ́ǹbù níta. Ó ti rí wáyà tó yọ lẹ́nu kúlà, àti iná pupa tó ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀.

Bàbá mi, àwọn èèyàn ń gun orí àga. Bàtà ọmọdé kún ẹnu ọ̀nà. Kí n tó ráyè jáde, àwọn ṣọ́jà tó máa ń wà ní ìkóríta ti dé. Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ní èmi ni mo ni ín, pé iná Kérésì lásán ni.

"Lie down. Who send you?" Ọ̀kan nínú wọn ló ń jágbe mọ́ mi, pé ta ló rán mi.

Mo dojú bolẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ìbọn wà lẹ́yìn orí mi. Mo mọ̀ pé tí n bá fi lè gbéra láti lọ yọ wáyà yẹn, ó ti parí.

Ìgbà náà ni Bàbá Fúnmi kọjá lára mi. Àwọn ṣọ́jà ń kígbe pé kí wọ́n dúró, wọn kò wẹ̀yìn. Wọ́n kúnlẹ̀ ti kúlà náà, wọ́n ṣí i.

"Èwo ni kí n yọ?"

"Pupa tó wà lórí bátìrì, sà."

Wọ́n fà á. Gbogbo iná ara ògiri kú.

Ìgbìmọ̀ ìjọ ti yọ Bàbá Fúnmi kúrò ní géètì, torí wọn kò yẹ ẹrù mi wò. Mo lọ bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi. Ìgbìmọ̀ kò yí ohùn padà. Mo wá lọ bá Bàbá Fúnmi nílé wọn ní Kabusa. Wọ́n fún mi lómi, mo kúnlẹ̀.

"Dìde. Bàbá ẹ ì bá ṣí i," ni wọ́n wí. "Kò sí ọjọ́ Àìkú kan tí kì í tú báàgì tèmi."

N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Ṣé ǹ bá bínú sí yín, ká ní ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí ẹ dá mi dúró lójú gbogbo èèyàn? Mo rò pé ǹ bá bínú.

Ọ̀la ni ọjọ́ Àìkú. Mo ti bẹ Bàbá Fúnmi pé kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó tì wọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kò tíì fèsì.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.