Wọ́n Ti Ń Pè Mí Ní Àlájà

Bàbá mi tí mo fi ń yangàn,

Àsàlámù àlékúmù. Ara mi le, ara ọkọ mi náà le, àwọn ọmọ sì ń kí yín. Ọ̀la ni fídáù ogójì ọjọ́ yín. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé lónìí ni pé ó ní ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kí alfa tó bẹ̀rẹ̀ àdúà.

A ò dé Mẹ́kà. A ò dé Mẹ̀dínà náà. Dùbáì la kọ́kọ́ lọ, a ti ibẹ̀ lọ sí Káírò, Káírò la ti wá lọ sí Ìsítáńbù. Fàájì la bá lọ, Bàbá. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí ẹ so yìgì wa ló pé, ọkọ mi sì ti ṣèlérí láti ọjọ́ yẹn pé lọ́jọ́ kan òun á mú mi rìnrìn-àjò, torí pé lọ́jọ́ Àìkú la ṣe ìgbéyàwó, lọ́jọ́ Ajé a ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin náà lẹ fà á díẹ̀, ẹ má bínú. Lọ́jọ́ tí mo wá sọ fún yín pé èmi àti Bàbá Rùkáyà fẹ́ lọ sókè òkun, mi ò tíì dárúkọ ìlú kankan tí ẹ fi tẹ́wọ́ àdúà. Ẹ ní kí Ọlọ́run gba úmúrà wa. Ẹ ní ọkọ mi ti ṣe ohun tí ọkọ ń ṣe. Lójú yín, bàálù tó bá gbé ọmọ Ìlọrin àti ọkọ rẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà, Mẹ́kà náà ló ń gbé wọn lọ, níbo ló tún kù? Mo fẹ́ lanu, mo bá rí i pé omi ti lé ròrò sí yín lójú. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ń dùn yín. Bùrọ̀dá Sálíù ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, ìyàwó rẹ̀ ti lọ, èmi nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ yín. Mo bá ṣe àmín.

Nígbà tí mo dé inú mọ́tò tí mo sọ fún Bàbá Rùkáyà, ẹ̀rín pa á títí ó fi páàkì sí ẹ̀gbẹ́ títì. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán ó ní kí n padà wọlé, kí n lọ sọ òótọ́ fún yín. Mo ní tí a bá dé, màá sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀bùn lọ́wọ́, ẹ̀bùn á jẹ́ kí ó rọrùn. Ó ní òun ò sí ńbẹ̀ o. A bá lọ sílé wa ní àdúgbò Basin, a sì jẹun.

Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ ẹ ti kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn obìnrin agboolé bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ẹni tó fẹ́ omi sámúsámù wá, ẹni tó fẹ́ dàbínù wá, ẹni tó fẹ́ kí n bá òun bẹ Ọlọ́run kí ọmọ òun ríṣẹ́ náà wá. Ẹ̀yin kọ orúkọ méje fún mi sórí bébà pélébé, pẹ̀lú hárúfù yín tín-ín-rín yẹn: bàbá yín, ìyá yín, ìyá mi, alfa tó kọ́ yín ní kéwú, ọmọ méjì tó kú fún yín kí ẹ tó bí wa, ẹ wá fi orúkọ yín kádìí rẹ̀. Àárín àwọn ọmọ méjì yẹn ni mo ti mọ̀ pé ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ tí mò ń jẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi rí?

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ṣọ́ ẹnu mi. Ẹ mọ bí ẹ ṣe ń lo fóònù: ẹ ó gbé e síwájú ẹnu bí ẹni fẹ́ bu àkàrà jẹ, ẹ ó wá máa pariwo bíi pé ẹsẹ̀ ni ohùn yín máa fi rìn dé òkè òkun. Gbogbo agboolé ló ń bá wa gbọ́ ọ. Ẹ bi mí láti Dùbáì pé ṣé èrò pọ̀. Mo ní èrò pọ̀. Ọjà tí wọ́n ti ń ta góòlù la wà lọ́jọ́ yẹn, èrò sì pọ̀ lóòótọ́. Ẹ ní ṣé oòrùn mú. Mo ní ó mú. Ẹ ní kí ọwọ́ ọkọ mi má já lára mi láàárín èrò. Mo ní kò já. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ òótọ́ jù, torí pé kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ní Ìlọrin, tó bá dì mí lọ́wọ́ mú láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí mọ́tò, àwọn aládùúgbò á wá béèrè bóyá ara mi ò yá.

Nígbà tí à ń ti Dùbáì lọ sí Káírò, tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà lẹ́yìn àga iwájú wa tó ń fi ọ̀nà tí bàálù ń gbà hàn. Bàbá Rùkáyà fọwọ́ tọ́ mi. Ó ní kí n wò ó, Mẹ̀dínà rèé lápá òsì wa. Mo wo ìta láti ojú fèrèsé. Iyanrìn ni mo rí, iyanrìn àti òkè, mi ò rí mọ́ṣáláṣí kankan. Mo bá yọ bébà yín jáde nínú báàgì, mo ka àwọn orúkọ méjèèje, mo tọrọ àforíjì fún wọn, mo sì fọwọ́ pa ojú. Òṣìṣẹ́ bàálù gbé oúnjẹ dé. Ọkọ mi ní ó kù díẹ̀ kí n yí ìlú náà po lẹ́ẹ̀meje lófuurufú, bí wọ́n ṣe ń yí Káábà po. Mo gbá a lápá.

A gbádùn Káírò. Ó yẹ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bàbá Rùkáyà ní àfi kóun gun ràkúnmí, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Bí ràkúnmí ṣe fẹ́ dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé, ọkọ mi bá dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń ké Bísímílááì, fìlà rẹ̀ já bọ́, ràkúnmí sì tẹ̀ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́mọ, tí à ń sanwó ilé-ìwé, tí èmi àti òun ń kí ara wa bí ẹni tó pàdé ní ọ́fíìsì, mo ti gbàgbé pé ọkùnrin yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn lẹ pè. Ẹ ò pariwo. Ó yẹ kí ìyẹn ti jẹ́ kí n fura. Ẹ béèrè àwọn ọmọ, ẹ béèrè ọkọ mi.

Ẹ ní, "Ṣé o ti bá mi dé ibẹ̀?"

Mo ní, "Mo ti bá yín dé ibẹ̀, Bàbá."

Ẹ ní, "Ó tó."

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ tẹ́lẹ̀, mo lè rí ibi fi í pamọ́ sí. Èyí ò ní ibi ìpamọ́. Mo gbìyànjú láti sọ fún ara mi pé mo ka orúkọ yín lókè Mẹ̀dínà, pé ìyẹn náà sún mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa ní kéwú, ẹ mọ̀ pé kò sún mọ́ ọn rárá. Irọ́ ni mo pa fún yín.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ la dé Ìsítáńbù. Ọjọ́ yẹn gan-an ló pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. A ò tíì tú ẹrù tí Bùrọ̀dá Sálíù fi pè. Ó ní ẹ kírun Àsùbá, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ sinmi díẹ̀, ẹ ò sì dìde mọ́. Ó ní tó bá fi máa di Àsárì wọ́n á ti sin yín, kí n má da ara mi láàmú, ibi tí mo wà ló dára jù lọ láyé. Mo ń gbọ́ tó ń sọ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé aṣọ Káábà ló wà lọ́wọ́ mi. Aṣọ ìnura òtẹ́ẹ̀lì ló wà lọ́wọ́ mi, Bàbá. Mo fẹ́ wẹ̀ ni. Ojú fèrèsé nìkan ni mo ti rí Ìsítáńbù. Bàbá Rùkáyà pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, ó di ẹrù, ó fún mi lómi mu, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà láti ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí a fi dé Ìlọrin, ọjọ́ kẹta yín ti kọjá. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń kí mi kú oríire pọ̀ mọ́ kú àmúmọ́ra. Wọ́n ní bàbá wo ló rí irú rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ máa tọrọ ọ̀run fún un nílé Ọlọ́run lọ́jọ́ tó ń lọ. Alfa sọ ọ́ níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ, àwọn èèyàn ké Àláhù Àkúbárù. Mo tẹ orí mọ́lẹ̀. Wọ́n ti ń pè mí ní Àlájà. Mo lọ ra iṣu ní ọjà Ìpata, obìnrin tó ń ta iṣu pè mí ní Àlájà, ó tún fi ọ̀kan lé e, ó ní kí n fi ṣàdúà fóun. Nígbà tí wọ́n béèrè omi sámúsámù, mo ní ikú yín ni ò jẹ́ ká ráyè gbé e. Ẹ ò rí i, irọ́ ti bímọ.

Ìyá Alásàlátù ló wá bá mi nínú yàrá yín, olórí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa tí ojú ilé rẹ̀ kọjú sí tiyín. Kò béèrè omi, kò béèrè dàbínù. Ó ká aṣọ kúrò lórí orúnkún rẹ̀ tó wú, ó ní kí n bá òun fi ọwọ́ tó kan òkúta dúdú ti Káábà pa á. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mo fọwọ́ pa á. Láti ọjọ́ yẹn mi ò sùn dáadáa.

Mo lọ bá Bùrọ̀dá Sálíù, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Bàbá ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Ṣé o fẹ́ sọ òkú di òpùrọ́ ni?" Bàbá Rùkáyà ní ká fi sùúrù sí i, lọ́dún tó ń bọ̀ a ó lọ sí Mẹ́kà lóòótọ́, ọ̀rọ̀ á parí. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ kí ara tù mí ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, ta ló máa pè mí láti béèrè?

Lónìí ni àwọn obìnrin kóra jọ sí àgbàlá láti ṣa ẹ̀wà sàárà ọ̀la. Ìyá Alásàlátù mú ọmọ ọmọ rẹ̀ kan dání tó lóyún oṣù mẹ́jọ. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára ọmọ náà rí. Ìyá Alásàlátù ní, "Àlájà, ẹ bá wa fọwọ́ kan ikùn rẹ̀." Ọmọ náà ti gbé ìbòrí rẹ̀ sókè, ó ń wò mí lójú. Bàbá, mi ò lè ṣe é. Orúnkún ni ti àkọ́kọ́, èyí kì í ṣe orúnkún.

Mo ní, "Ẹ má pè mí ní Àlájà mọ́. Mi ò dé Mẹ́kà. Fàájì lèmi àti ọkọ mi lọ ṣe."

Gbogbo ọwọ́ dúró sínú ẹ̀wà. Ẹnì kan ní àsítàgàfúrúlá, ó gbé àtẹ rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Alásàlátù, mo ní kí ó dárí jì mí. Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀, ó ní ó ti ń san o, kí n má wá fi ọ̀rọ̀ bà á jẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó lóyún ò rẹ́rìn-ín, ó fa ìbòrí rẹ̀ wálẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀wà. Mo bá a ṣàdúà pẹ̀lú ọwọ́ lásán tí mo ní, ó sì ṣe àmín.

Bùrọ̀dá Sálíù ti gbọ́. Ó ní kí ìyàwó òun sọ fún mi pé òun ò ní jókòó tì mí lọ́la. Alfa náà ti gbọ́, ó ní kò burú, àdúà nìkan lòun máa ṣe. Ojú á tì mí lọ́la, mo mọ̀. Bàbá Rùkáyà ní ẹ̀gbẹ́ mi lòun máa dúró sí, kódà tí wọ́n bá ní kí ọkùnrin bọ́ sí ìta.

Mo ti wá sọ òótọ́ fún gbogbo ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ, ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn. Ẹ dárí jì mí. Mi ò tọrọ àforíjì nítorí ẹ̀rín tí mo rín ní Káírò, mo gbádùn ara mi níbẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ sì so mí mọ́ ọkùnrin náà. Irọ́ yẹn ni mo ń tọrọ rẹ̀ fún. Mo ti ronú pìwà dà lórí rẹ̀, mo ti gbààwẹ̀ lórí rẹ̀. Síbẹ̀, Bàbá, tí fóònù yìí bá dún nísinsìnyí, tó jẹ́ ẹ̀yin, tí ẹ ò pariwo, tí ẹ ní ṣé mo ti bá yín dé ibẹ̀, mo mọ̀ pé màá tún ní mo ti dé.

Kí Ọlọ́run fi àlùjánńà ṣe ilé yín, kí ó fẹ sàréè yín lójú. Mo fẹ́ràn yín, mi ò sì sọ ọ́ tó nígbà tí ẹ ń gbọ́.

Èmi ni,
àbígbẹ̀yìn yín.