Obìnrin Tó Ń Ṣọ́ Wa Lórí Omi

                                        27, Òpópónà Brock,
                                        Port Dalhousie,
                                        Ontario.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi Verna,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé ara Bọ̀dá Clifford ti ń mókun? Orúnkún yín tó máa ń dà yín láàmú nígbà òtútù ńkọ́? Àwa náà ń bẹ níbí, a dúpẹ́. Yìnyín ti yọ́ tán, a sì ti padà sínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà ló mú mi kọ̀wé, torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tukọ̀ rí ni yóò yé.

Ẹ rántí pé àwa mẹ́rin la jọ ń tukọ̀. Glenys ló ń jókòó níwájú mi, òun ni gbogbo wa ń wò tẹ̀ lé. Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan tó ń jẹ́ Annelies, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Winnipeg, bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó létí omi láràárọ̀. Á na fóònù sí wa, á máa yà wá ní fídíò. Bá a bá kọjá, kò ní juwọ́. Bí mo bá sì wọ ilé tí à ń kó ọkọ̀ sí, mà á bá òun àti Glenys nídìí wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n á sì dákẹ́ bí wọ́n bá ti rí mi.

Ara fu mí. Ìdíje ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Annelies kò sì níjòókòó nínú ọkọ̀ kankan. Mo gbà pé ó ń jí ọwọ́ mi kọ́ kó lè fi gba ipò mi ni. Mo bi Glenys, ó ní, "Bernadine, tukọ̀ ẹ jàre." Ìyẹn tún dá kún un. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo lọ ká Annelies mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ̀ náà.

"Kí lò ń wá lára mi?"

"Lára ẹ kẹ̀? Ìwọ kọ́ ni mò ń wò, Glenys ni."

"Irọ́ ni."

"Ó dáa, gbà, wò ó."

Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, mo sì wo fídíò náà. Ẹ̀gbọ́n mi, ojú tì mí. Ẹsẹ̀ Glenys ló ń kọ́kọ́ tì, ẹ̀yìn á nà sẹ́yìn tẹ̀ lé e, apá á wá fà kẹ́yìn, àjẹ̀ á yọ kúrò nínú omi wẹ́rẹ́. Èmi rèé lẹ́yìn rẹ̀, apá mi ti ń fà kí ẹsẹ̀ tó tì, mo ká èjìká sókè bí ẹni tí òjò ń pa. Kí ni èèyàn fẹ́ jí níbẹ̀?

Síbẹ̀ mi ò gbà. Mo ní, "Ìjókòó Glenys lo wá fẹ́ gbà nìyẹn."

"Èmi ni mo fún un." Glenys ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún òun ní ìbàdí, àwọn dókítà ò sì rò pé òun tún lè wọ ọkọ̀ mọ́. Òun ló ní kí Annelies máa wo òun kọ́ títí yóò fi mọ̀ ọ́n.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Wàá máa sunkún lórí omi ni."

Bẹ́ẹ̀ ni mo bú sẹ́kún lójú ẹsẹ̀.

Mo ti bẹ Annelies, ó ní kò burú. Òun ló ń jókòó níwájú mi báyìí, àwa méjèèjì la sì jọ ń wo fídíò Glenys ká tó wọ omi, èjìká mi sì ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ṣì ń wò ó tìfuratìfura nígbà míì, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lánàá, láàárín omi, mo ṣèèṣì pè é ní Glenys. Kò bojú wẹ̀yìn, ó ń tukọ̀ lọ.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Clifford àtàwọn ọmọ.

Èmi ni àbúrò yín tí ń retí èsì,
Bernadine.