Mo Ní Ẹ Wà ní Káǹpù

Bàbá Ọmọ́tárá,

Ẹ̀kọ àti àkàrà wà nínú kúlà. Ẹ jẹun kí ẹ tó lo oògùn orúnkún yín.

Ẹ gbọ́ irọ́ tí mo pa láàárọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò Tápà ní kí ẹ wá gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ fún ìdíje wọn, mo ní ẹ wà ní káǹpù kíláàbù yín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọ̀pá lẹ fi ń rìn. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu mi tí ẹ fi wúkọ́ nínú yàrá. Wọ́n wo sálúbàtà yín lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n bá àwọn kí yín. Nígbà tí mo wọlé, ẹ ti fi ìrọ̀rí bo ẹnu nítorí tèmi.

Ojú tì mí, mi ò lè kí yín kí n tó lọ síléèwé.

Mo ti pè wọ́n padà kí wọ́n wá rí yín, wọ́n á dé láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá bi yín nípa káǹpù, ẹ má bo àṣírí mi mọ́.

Yẹ́misí