Àga Kejì Nínú Ilé Etíkun

Ìyàwó mi, ayàwòrán-ilé,

Mo ti lọ ṣeré. O sùn sórí tábìlì iṣẹ́, mi ò jí ẹ. Má ṣí fèrèsé o! Atẹ́gùn ló ṣí òrùlé ilé etíkun tí o fi páálí kọ́ láàárọ̀ yìí, mo ti lẹ̀ ẹ́ padà. O mà gbọ́n o! Atẹ́gùn ní ọ̀nà tirẹ̀, òjò ní táǹkì, oòrùn pàápàá ríṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná ṣe lórí òrùlé. Mo ń rẹ́rìn-ín lọ ni, àfi ìgbà tí mo rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sókun: àga kan ṣoṣo. Ilé tí o ní a jọ máa darúgbó sí nìyẹn!

Mo ti fi páálí ìṣáná gé àga kejì síbẹ̀. Bí kò bá sí àyè, yọ ọ́. Má wulẹ̀ sọ nǹkan kan. Tí mo bá dé, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò.