Ọgbà Ewúrẹ́ Tó Di Ààlà

Ìṣẹ̀rí-Olófin,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2011.

Èmi Adébùnmí, olùkọ́ tó ń gbé ilé Bàbá Ràímì Ọdẹ́tọ́lá, ni mo kọ ìwé yìí. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀; èmi kàn ń kọ ọ́ ni, nítorí wọn kò kàwé. Wọ́n fẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀, kí àwọn ọmọ wọn má baà jà sí ilẹ̀ lọ́la.

Ganíyù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ní Míńnà. Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún tó máa ń ro mí bí mo bá jókòó pẹ́. N kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, torí bí inú bá bí ọ, wàá pa á. Jọ̀wọ́, kà á dé ìsàlẹ̀.

Ilẹ̀ tí mo fi hàn ọ́ nígbà ìtúnu ààwẹ̀, tí mo ní kí o kọ́lé sí, kì í ṣe tiwa. Ara ilẹ̀ Ẹbu ni, níbi tí àwọn ìyá wa ti máa ń fún epo, gbogbo àdúgbò ló ni ín. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo fún ọ.

Nígbà tí wọn kò fún epo níbẹ̀ mọ́, mo gbin ẹ̀gẹ́ sí etí rẹ̀. Ewúrẹ́ ìyá Akínbọ́lá kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo gé ẹ̀ka lára pèrègún tí bàbá mi gbìn sí ojú ààlà, mo fi ṣe ọgbà yí ẹ̀gẹ́ mi ká. Igi ọgbà náà hù. Èyí tó wà lójú ààlà gan-an kú nígbà tí wọ́n la ọ̀nà. Látìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń pe ọgbà ewúrẹ́ mi ní ààlà, èmi náà dákẹ́.

Lóṣù tó kọjá, káńsù pe ìpàdé lórí ohun tí wọn yóò fi ilẹ̀ Ẹbu ṣe. Ilé ìgbẹ̀bí ni àwọn obìnrin fẹ́, torí ọ̀kadà ni aboyún ń gùn nínú kòtò àti omi kó tó rí nọ́ọ̀sì. Awọnlẹ̀ wọn ní ilẹ̀ náà kò fẹ̀ tó, àfi kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ wa, obìnrin kan, wá bi mí pé: "Bàbá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù níbí. Ṣé ààlà nìyí?" Mo ní: "Ṣé o kò ríran ni? Àbí pèrègún kọ́ nìyẹn?" N kò parọ́, pèrègún ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń bi mí.

Mọ̀dínátù àbúrò mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi, a sì jọ rìn délé. Ó wá ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí etí kòtò tí a ti ń tẹ ẹyìn ni ìyá Ganíyù ti rọbí, tí mo fi ìró ara mi gba ọmọ? Níbo ni kòtò yẹn wà báyìí?" Inú ọgbà mi ló wà. Èmi ni mo fi yẹ̀pẹ̀ dí i. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi bínú sí i.

Nígbà tí wọ́n tún pé jọ, mo ti ṣáájú wọn débẹ̀, mo ti gé pèrègún náà dé ìdajì. Káńsẹ́lọ̀ ní: "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, kí lẹ ń ṣe?" Mo ní mò ń tú ọgbà ewúrẹ́. Akínbọ́lá, tó jẹ́ alága àdúgbò báyìí, bú sẹ́rìn-ín: "Ewúrẹ́ ìyá mi ti kú láti bí ọgbọ̀n ọdún, Bàbá, ẹ ò tíì dárí jì í?" Mo fún awọnlẹ̀ ní ọkọ́, mo fi ibi tí yóò gbẹ́ hàn án. Kòtò náà jáde. Awọnlẹ̀ tún ilẹ̀ wọ̀n, ó sì gba ilé ìgbẹ̀bí. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ètò wọn.

Mo mọ̀ pé yóò dùn ọ́. Ibi tí mo ní kí ẹ sin mí sí lẹ́yìn yàrá mi, tèmi nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè bá ọ du ú. Kọ́lé rẹ síbẹ̀. Mo ti sọ fún àwọn àáfà pé kí wọ́n gbé mi lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí. Àwọn ará ibẹ̀ kò ní bá mi jà sí ààlà.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o kọ́ ọ parí, kí o gbé inú rẹ̀ dọjọ́ ogbó. Àwọn ọmọ rẹ kò ní fi ilẹ̀ di ọ̀tá ara wọn.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Ràímì Ọdẹ́tọ́lá.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: bulọ́ọ̀kù tí o kó sílẹ̀ ṣì pé. Akínbọ́lá ní kí n fi ta ilé ìgbẹ̀bí lọ́rẹ. Mo ní ilẹ̀ ni mo dá padà, n kò sọ̀rọ̀ bulọ́ọ̀kù. Ṣùgbọ́n tìrẹ ni. Bí o bá ní kí n fún wọn, ránṣẹ́ sí mi.

Bàbá Ràímì tẹ ìka wọn síbí.
Ẹlẹ́rìí: Mọ̀dínátù, àbúrò wọn.
Ẹlẹ́rìí: Akínbọ́lá, ọmọ ìyá ewúrẹ́. Bàbá ló ní kí èmi Adébùnmí kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.